Ọkọ̀: ta ló ni ọ̀rọ̀ yìí, omi ni àbí títì?

Ògbufọ̀ Ìkòròdú:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́. Iṣẹ́ kékeré kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó sì fẹ́ dójú tì mí. Wọ́n ní kí n túmọ̀ ìkìlọ̀ fún àwọn èrò tó ń wọkọ̀ lórí ọ̀sà, èyí tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ pátákó ní jẹ́tì. Ìlà mẹ́ta péré ni. Mo ti ń rò ó pé kí oúnjẹ tó jinná, màá ti parí ẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ló dá mi dúró. Mo kọ "ọkọ̀ ojú omi" sí i, ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi ní ó gùn jù, àyè ò sí lára pátákó. Mo gé e kù sí "ọkọ̀", ó tún ní àwọn èèyàn máa rò pé dánfó ni mò ń wí.

Kí n má parọ́, mo gbà fún un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mọ́tò ló ń jẹ́ ọkọ̀. Bí a bá fẹ́ sọ ti omi, a ó fi "ojú omi" kún un. Ti irin, "ojú irin". Ti òkè, "òfurufú". Àbí mo ṣìnà? Ẹni tó bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí, kó bá mi dá sí i. Ohun tí mo kọ nìyí:

1. Ẹ má dìde títí ọkọ̀ yóò fi dúró ní ibùdókọ̀.
2. Ẹ má na ọwọ́ síta bí ọkọ̀ bá ń lọ.
3. Àṣẹ awakọ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé.

Bàbá Dánfó:
Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ o. Ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń jẹ́. Ẹni tó bá dúró sí jẹ́tì tó ń wá dánfó, kó máa rìn wọ inú omi lọ.

Tíṣà Àná:
Ògbufọ̀, o gbé ọ̀rọ̀ náà kodò ni. Omi ló ni ọkọ̀. Títì ló yá a lò, ó wá yá a pẹ́ débi pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé títì ló bí i.

Kí mọ́tò kankan tó tẹ ilẹ̀ wa ni ọkọ̀ ti wà. Igi ńlá tí wọ́n gé lulẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ títí ó fi di bí ọpọ́n, ọkọ̀ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí a tún fi ń pè é ní ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Bí àwọn òyìnbó ṣe gbé tiwọn dé láti orí òkun, tó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọkọ̀ náà là ń pè é. A ò wá orúkọ mìíràn fún un.

Ẹ̀rí tí mo máa ń fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ni Bíbélì. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde. Ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí kẹfà, ọkọ̀ ni Nóà kàn. Ṣí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 27, níbi tí ìjì ti ń da Pọ́ọ̀lù láàmú, ọkọ̀ ni, ìdákọ̀ró mẹ́rin ni wọ́n sì sọ sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Wá ṣí ibi tí wọ́n ti gbé Èlíjà lọ sókè ọ̀run. Kí ló wà níbẹ̀? Kẹ̀kẹ́ iná. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà tó ń kàwé wòlíì Àìsáyà lọ lójú ọ̀nà, inú kẹ̀kẹ́ ló jókòó sí. Fáráò àti ọmọ ogun rẹ̀ tí omi bò mọ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kó wọ inú òkun.

O rí i? Ohun tó ń yí lórí ilẹ̀ ni kẹ̀kẹ́, ohun tó ń gbé èèyàn lórí omi ni ọkọ̀. Ní gbogbo ibi tí mo kà yìí, àwọn tó túmọ̀ ìwé yẹn ò da méjèèjì pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì gan-an ò tó bẹ́ẹ̀: orúkọ kan náà ló fún ọkọ̀ Nóà àti àpótí májẹ̀mú tí àwọn àlùfáà ń gbé léjìká. Yorùbá wò ó pé ọ̀kan léfòó, èkejì ò léfòó, ó ya orúkọ wọn sọ́tọ̀.

Samuel Ajayi Crowther ló sì ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà. Ọmọ Òṣogùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ́dún 1821. Lọ́dún 1822, inú ọkọ̀ àwọn Pọtogí ló wà tí wọ́n ń gbé e lọ, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dá wọn lọ́nà, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí èyí, ó mọ ohun tó ń kọ nígbà tó bá kọ "ọkọ̀".

Ògbufọ̀ Ìkòròdú:
Háà, Tíṣà! Kẹ̀kẹ́ Èlíjà! Láti ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ni mo ti ń ka ẹsẹ yẹn, n ò kíyè sí i rí. Ẹ ṣeun, sà. Ìgbà wo ni ọkọ̀ wá gòkè?

Tíṣà Àná:
Rélùwéè ló fà á gòkè, lójú tèmi. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Irú ohun gbọọrọ bẹ́ẹ̀, tó ń kó èrò àti ẹrù rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orúkọ kẹ̀kẹ́ kéré sí i. Kí ni àwọn èèyàn ti rí rí tó ń kó ẹrù tó bẹ́ẹ̀? Ọkọ̀ ni. Àwọn àgbàlagbà tí mo bá láyé, ọkọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń pe rélùwéè. Gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: bí kì í bá ṣe pé omi ló ni ọkọ̀, kí ni wọ́n ń fi "ilẹ̀" kún un fún? Mọ́tò wá tẹ̀lé e, ó di ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bàálù tẹ̀lé mọ́tò.

Ibi tí olú ilé-iṣẹ́ rélùwéè wà l'Ékòó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín. Èbúté Mẹ́ta ni. Irin dé, ó jókòó sórí orúkọ omi.

Bàbá Dánfó:
Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ni ọjọ́ òní. Ìgbà tí ẹ sọ ti kẹ̀kẹ́ ni orí mi wú. Àwọn oní-Márúwá tí wọ́n ń dí wa lọ́nà wọ̀nyí, ẹ̀yìn Èlíjà ni wọ́n wà, a ò mọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni, ó lórùlé, ó ń gbé èrò, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa pè é ní ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ ni.

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń wakọ̀. Mo ti wà lẹ́yìn dánfó kan rí l'Óṣòdì tí wọ́n kọ "ỌKỌ̀ NÓÀ" sí ìdí rẹ̀ gàdàgbà. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ti mú wa níbẹ̀, òjò ń rọ̀, omi ti dé ìdajì táyà. Mo ní orúkọ yìí máa tó ṣiṣẹ́ lónìí.

Ọmọ Ìlàjẹ:
Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n bí sórí omi náà sọ tiẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Tíṣà wí, àmọ́ inú ìwé ni wọ́n ti mú un. Èmi, inú ọkọ̀ gan-an ni mo ti kọ́ ọ.

Nílé wa, tí ìyá mi bá ní "lọ mú ọkọ̀ wá", kò sí ọmọ tó máa wo ọ̀nà títì. Títì wo? Ẹ̀yìn ilé ni ọkọ̀ wà, wọ́n so ó mọ́ òpó. Bàbá mi a dúró síwájú ọkọ̀ láti da àwọ̀n, èmi a jókòó ní ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀. Ẹni tó wà ní ìdí ló ń darí. Bí mo bá fi àjẹ̀ wa omi lápá ọ̀tún, orí ọkọ̀ á yà sósì. Àbúrò mi tó kéré jù, omi gbígbọ́n niṣẹ́ tiẹ̀. Igbá kan tó ti kán létí la fún un. Bó bá ti sùn lọ, omi á ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wa kí bàbá tó bojú wẹ̀yìn, igbe tí wọ́n bá wá fi sí i, ará òdìkejì á gbọ́.

Ìdákọ̀ró ńkọ́? Ẹ tú u wò: ohun tó ń dá ọkọ̀ ró. Tiwa kì í ṣe irin ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ń yà sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Gíábọ́ọ̀sì mọ́tò tó ti kú ni bàbá mi rà lọ́wọ́ àwọn onírin àlòkù, wọ́n so okùn mọ́ ọn. Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí: títì yá orúkọ lọ́wọ́ omi, bàbá mi yá gíábọ́ọ̀sì lọ́wọ́ títì.

Ó wá ku ohun tí Ògbufọ̀ béèrè. Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú lórí "ọkọ̀ ojú omi". Ọ̀rọ̀ ìṣe ni kí o mú dáadáa, ọkọ̀ á mọ ibi tó ń lọ fúnra rẹ̀. Mọ́tò kì í gúnlẹ̀. Bàálù ń balẹ̀ ni. Ọkọ̀ omi ló máa ń forí gún ilẹ̀ ní èbúté, ibẹ̀ la ti wá ń sọ pé àlejò gúnlẹ̀ sí ìlú. Bí o bá kọ "títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀", ta ló máa rò pé dánfó ni? Ìwọ kọ "dúró ní ibùdókọ̀", ìyẹn Ojúelégba lo gbé wa lọ yẹn.

Ògbufọ̀ Ìkòròdú:
Gúnlẹ̀! Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yẹn ò wá sí mi lọ́kàn? Ẹ ṣé gan-an ni. Awakọ̀ ńkọ́? Ṣé kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìlàjẹ:
Atukọ̀ ni kí o kọ. Awakọ̀ ti di ti Bàbá Dánfó.

Bàbá Dánfó:
Ẹ ṣé o. Ó kúkú dára tí mo ní nǹkan kan.

Onímọ̀ Gbogbo:
Ẹ má bínú, mo dá sí i. Atukọ̀ ò bá a mu mọ́, nítorí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń lò ní jẹ́tì báyìí, kò sẹ́ni tó ń fi àjẹ̀ tù. "Dẹ́rẹ́bà bóòtù" ni àwọn èèyàn ń sọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo gbọ́ pé ibi tí "ọkọ̀" ti wá ni "kọ̀", pé ó kọ̀ láti rì ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun àti ọkọ̀ omi, ọ̀kan náà ni wọ́n, torí pé ẹnu àwọn méjèèjì ṣe ṣóńṣó.

Tíṣà Àná:
Onímọ̀, kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti "kọ̀ láti rì" yẹn, ìtàn lásán ni. Bí a bá ń fi ipá fa ọ̀rọ̀ ya báyìí, kò sí èyí tí a ò ní rí ìtàn fún. Ọkọ̀ tó kọ̀ láti rì wo? Ọkọ̀ ń rì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún àbúrò Ọmọ Ìlàjẹ ní igbá.

Ti ọ̀kọ̀, gbọ́ ohùn wọn. Ti ogun, ohùn ìsàlẹ̀ méjì: ọ̀kọ̀. Ti omi, ohùn àárín ló ṣáájú: ọkọ̀. Ẹ̀ka kan ò so wọ́n pọ̀ ju bí ọkọ tó fẹ́ aya ṣe bá ọkọ́ tí a fi ń ro oko tan lọ.

Ti atukọ̀, tù náà ti kúrò lọ́wọ́ àjẹ̀ tipẹ́. Àwọn oníròyìn ń sọ lójoojúmọ́ pé gómìnà ń tukọ̀ ìpínlẹ̀, ṣé ẹ rí àjẹ̀ lọ́wọ́ gómìnà? Ẹ tiẹ̀ gbọ́ èyí: orúkọ "gómìnà" fúnra rẹ̀, inú èdè Gíríìkì ló ti wá, ó gba inú Látìn kọjá kó tó dé Gẹ̀ẹ́sì, kó tó wá kàn wá. Ohun tó túmọ̀ sí níbẹ̀rẹ̀ ni ẹni tó ń darí ọkọ̀ lórí omi. Nítorí náà, "gómìnà tó ń tukọ̀ ìpínlẹ̀", atukọ̀ tó ń tukọ̀ ni.

Wa náà, tí Ọmọ Ìlàjẹ ti gbé fún Bàbá Dánfó, omi ló kọ́kọ́ lò ó. Nínú Jòhánù orí kẹfà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń wa ọkọ̀ lójú omi kí wọ́n tó rí Jésù tó ń rìn bọ̀. Wọn ò ní sìtíàrìn. Ó jọ mí lójú pé wa yìí kan náà la fi ń wa ilẹ̀ tí a fi ń wa kùsà. Àjẹ̀ ń wa omi sẹ́yìn ni. Ṣùgbọ́n Ọmọ Ìlàjẹ gba ohun tó wúlò fún pátákó: lónìí, létí èrò Èkó, títì ni awakọ̀ ń dún sí. Atukọ̀ ló dára jù.

Àjàṣẹ́ Ilé:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn Nàìjíríà. Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti ń kọ èyí. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ègùn ni aládùúgbò wa níbí. "Tọjihun" ni wọ́n ń pe ọkọ̀ omi: tọ ni omi, ji ni orí, hun ni ọkọ̀. Bí a bá tún rìn díẹ̀ sí i wọ Tógò, àwọn Ewe ní "ʋu". Ti omi ń jẹ́ tɔdziʋu, bàálù ń jẹ́ yameʋu, ìyẹn ʋu inú afẹ́fẹ́. Ọ̀nà kan náà tí ọkọ̀ wa gbà ni tiwọn náà gbà. Gbogbo wa tí a wà létí omi yìí, bí mọ́tò ṣe dé, ọkọ̀ la wò mọ́ ọn lára.

Ìyá Ṣẹ́gun, Lọ́ńdọ̀nù:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ẹ ò jẹ́ kí n ráyè sùn. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ló dé tí Yorùbá fi ń pe bàálù ní "boat". Mo ní kó lọ jẹun. Mo ti wá rí ohun tí màá sọ báyìí. Màá tún dá a padà fún un: àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì, ṣé kì í ṣe èbúté ni wọ́n kó lọ sójú ọ̀run tí wọ́n fi ń pe pápákọ̀ òfurufú ní "airport"? Àwa tiẹ̀ fún un ní pápá.

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun kan tó ń dùn mí. Lórí rédíò ilé, mo ń gbọ́ kí wọ́n máa sọ pé "inú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wa wà". Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, wọ́n kàn wọ aṣọ Yorùbá fún un. Ìyá mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn. "Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe" ni wọ́n máa ń sọ. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé a ò ní òwe ọkọ̀ tiwa.

Ọmọ Ìlàjẹ:
Ọ̀kan rèé tí bàbá mi máa ń pa fún ẹ̀gbọ́n mi tó bá sá lọ sígboro: bí ọkọ̀ ròkun, bó rọ̀sà, yóò forí fún elébùúté. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń padà lóòótọ́, tí owó bá ti tán.

Tíṣà Àná:
Ògbufọ̀, nǹkan kan kù. Má jẹ́ kí wọ́n yọ àmì ohùn kúrò lórí pátákó yẹn o. Àwọn tó ń ṣe pátákó máa ń sọ pé ẹ̀rọ àwọn ò ní in. Bí wọ́n bá kọ OKO lásán, oko tí a ń ro ni, ọkọ ìyàwó ni, ọkọ́ ni, òkò tí a ń sọ ni, àti ọ̀kan mìíràn tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí torí pé àwọn ìyá wà láàárín wa. "Ẹ má dìde nínú OKO". Ìwọ rò ó wò.

Bàbá Dánfó:
Hahaha! Tíṣà, ẹ̀yin àgbà!

Ìyá Ṣẹ́gun, Lọ́ńdọ̀nù:
Tíṣà, a ti gbọ́ ọ, a ò dárúkọ ẹ̀ náà.

Ògbufọ̀ Ìkòròdú:
Ẹ̀rín pa mí. Mo ti tún un kọ. Ó tiẹ̀ kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi á dùn. Ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́:

1. Ẹ jókòó títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀.
2. Ẹ má na ọwọ́ síta nínú ọ̀kọ̀.
3. Ohun tí atukọ̀ bá wí ni kí ẹ ṣe.

Ọmọ Ìlàjẹ:
Ìkíní dára. Ìkẹta dára. Wo ìkejì dáadáa.

Tíṣà Àná:
Àmì tó wà lórí ọ̀ àkọ́kọ́ ní ìlà kejì, yọ ọ́. O ti kó èrò jókòó sínú irin ogun.

Ògbufọ̀ Ìkòròdú:
Yéè! Ọwọ́ mi ló yọ̀. Mo ti yọ ọ́, sà. Mo ń fi ránṣẹ́ báyìí.

Bàbá Dánfó:
Bí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́, ya fọ́tò rẹ̀ síbí o. Kó o sì ní kí wọ́n bá mi kọ ọ̀kan fún dánfó mi, ìkẹta yẹn. Ẹ fi "awakọ̀" sí i.